Okùn Ẹsẹ̀ Kanipa

Tí o bá fẹ́ mọ ìtàn ilé ijó báléè ìlú Almaty, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu lórí àwọn àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sí àbáwọlé. Ẹsẹ̀ Rauza ni kí o wò. Rauza fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì fi ṣe àwàdà. Obìnrin náà ti lé dáadáa ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n tó bá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú láti fi nǹkan han ọmọ, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn á pa ẹnu mọ́. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọge ní ipa ńlá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jó ipa ńlá nílé náà láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò sunkún.

Báléè kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Ara ló ń bá ara sọ ọ́. Ẹni tó jó o lánàá á dúró ti ẹni tó máa jó o lọ́la, á máa fi ọwọ́ tì í, á máa fi ẹnu bú u, títí egungun ọmọ náà á fi gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ijó tí wọ́n ń pè ní Ràkúnmí Funfun ṣe kúrò lára Kanipa, ẹni tó kọ́kọ́ jó o, bọ́ sí ara Rauza. Àwọn tí Rauza ti kọ́ ṣáájú ti túká, ọ̀kan wà ní Jámánì, ọ̀kan ti fẹ́ ọkọ tí kò fẹ́ kó jó. Inkar ló kù, Inkar sì ni ọkàn rẹ̀ yàn jù. Ohun tí Rauza ń wá láyé kò ju pé kí ijó náà bọ́ sí ara ọmọ yìí pátápátá kí orúnkún òun tó kọ̀ fún òun.

Àwa ará Almaty kò ní báléè mìíràn tí a lè pè ní tiwa bí èyí. Nígbà ogun ńlá ni wọ́n dá a, nígbà tí àwọn oníjó àti àwọn tó ń ya fíìmù sá kúrò ní Leningrad àti Moscow wá forí pamọ́ sábẹ́ òkè wa. Ilé ijó wa kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ọmọ darandaran ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníjó rẹ̀, àwọn tí kò rí dígí tó ga ju èèyàn lọ rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan láti Leningrad, Matvei Ilyich, ló to ijó náà fún wọn. Nínú ijó náà, ìjì yìnyín ya ọmọ ràkúnmí kan nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọmọ náà wá a kiri gbogbo pápá, kò rí i, ó sì di dandan kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá rìn. Ní ìparí, níbi tó ti ku òun nìkan lórí ìtàgé, á máa sáré bọ̀, á dúró lójijì, á bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Fayolíìnì kan ṣoṣo á fa ohùn kan títí. Lẹ́yìn náà ni á dìde, á fò, á sì lọ.

Nítorí bíbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ṣe ń wá. Ọmọ Kazakh wo ni wọn kì í gé okùn ẹsẹ̀ fún? Tí ọmọ bá ti ń gbìyànjú àtirìn, wọ́n á fi okùn tí wọ́n lọ́ ní dúdú àti funfun so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá ẹni tí ìrìn àti ìwà rẹ̀ wù wọ́n kó gé e, ọmọ á sì gba ìrìn onítọ̀hún. Nítorí náà, tí oníjó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn ìyá àgbà tó wà nínú gbọ̀ngàn á ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè bí ẹni tó ń ṣe àdúà. Tó bá dìde, wọ́n á fi ọwọ́ náà nu ojú, wọ́n á ní àmín. N kò tíì gbọ́ ilé ijó mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe àmín sí báléè. Ní ọdún tí ìjọba ńlá tó wà ní Moscow túká, tí kò sí iná tí kò sí ohun tó ń mú ilé gbóná, Rauza jó o tí èémí rẹ̀ ń yọ bí èéfín. Àwọn tó wá wò ó jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, síbẹ̀ wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ nígbà tó tó àkókò àtiṣí ọwọ́.

Àwọn oníjó náà wá mú àṣà yìí wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ kọ́kọ́ jó ipa ńlá, ẹni tó kọ́ ọ á so ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì gé okùn náà kí ọmọ tó jáde. Kanipa ló gé ti Rauza. Àlùmọ́gàjí tó fi gé e wà nínú báàgì Rauza di òní olónìí.

"Kí lò ń wá nílẹ̀?" Rauza bi Inkar ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò. "Ṣé yẹtí rẹ ló bọ́ ni?"

Inkar nà dìde, ó ń mí gúlegúle. Ọmọ ìlú Kyzylorda ni, ìyá rẹ̀ ń pín tíì fún àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú irin, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ti àwọn tó dàgbà sínú ọkọ̀ ojú irin. "Màmá, ẹ̀yin ẹ gbọ́ orúnkún mi. Ó ti ń dún bíi tiyín."

"Tó bá dún bíi tèmi, á jẹ́ pé o ti fẹ́ mọ̀ ọ́n jó. Bẹ̀rẹ̀ padà. Ta ló fún wa ní bíbẹ̀rẹ̀ yìí?"

"Matvei Ilyich ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún Ìyá Kanipa," Inkar dáhùn bí ẹni tó ń ka kéú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń dáhùn. Ó ti pẹ́ tí Rauza ti fi ìdáhùn yẹn sí wọn lẹ́nu.

Ilé ijó náà fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún nígbà náà, Inkar ni wọ́n sì yàn láti jó Ràkúnmí Funfun lọ́jọ́ àjọ̀dún. Medet ni ọ̀gá àgbà. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó ti jó ní Petersburg fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wálé, Rauza ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró nígbà tó ṣì kéré. Èèyàn burúkú kọ́. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí ará ìlú ibòmíràn rí àbùkù ilé rẹ̀ ni. Ó wá fíìmù kan rí ní Moscow, èyí tí àwọn tó sá wá nígbà ogun yà ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jó Ràkúnmí Funfun fún ará ìlú. Ó pe gbogbo oníjó jọ sí yàrá ńlá, ó ta aṣọ funfun bo dígí, ó sì tan fíìmù náà.

Kanipa jáde lára aṣọ funfun náà, ọmọ ogún ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Rauza sunkún, kò sì fi pamọ́. Apá tí òun ń gbé sókè láti ìgbà èwe òun nìyẹn, ọrùn tí òun yá lò nìyẹn, ó sì rí ẹni tó ni ín lójúkojú. Ó dé ìparí. Kanipa ń sáré bọ̀, ó sáré dé ibi tí gbogbo wọn mọ̀, ó kọjá ibẹ̀ láìdúró, ó fò, ó lọ.

Medet dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, ó tún fi hàn wọ́n. Kanipa tún kọjá láìbẹ̀rẹ̀.

"Màmá Rauza, ẹ má bínú," Medet ní. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà rí i."

"Ojú mi kò fọ́."

"Matvei Ilyich ló jókòó níwájú yẹn, orí rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó tò ló ń wò. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Petersburg, mo sì ti sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe dá ijó yìí gan-an la máa jó o. Bíbẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Màmá. Ó ní láti kúrò."

Rauza dìde dúró. Ó ní Matvei Ilyich ti ní láti fi kún un lọ́jọ́ kejì, nígbà tó rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ó ní Kanipa ṣì wà láàyè, òun á lọ bi í, Medet á sì wá tọrọ àforíjì.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màá tọrọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀," Medet dáhùn. "Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú gbogbo yín." Ó sọ ọ́ tàyàtàyà, nítorí kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó bẹ̀rù.

Kanipa ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ń gbé ní apá òkè ìlú, níbi tí ẹ̀ka igi ápù ti ń kan fèrèsé. Ó gbé tíì oní-wàrà síwájú Rauza pẹ̀lú baursak, ìyẹ̀fun pípò róbótó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín nínú òróró, ó bu tíì náà dé ìdajì abọ́ bí wọ́n ṣe ń bù ú fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Rauza ròyìn fíìmù náà. Ìyá àgbà yìí fetí sílẹ̀ títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fi etí gèlè funfun rẹ̀ nu ojú.

Ó ní ríbọ́ọ̀nù bàtà ló fa bíbẹ̀rẹ̀ náà. Nígbà ogun, wọ́n ti kó gbogbo ṣẹ́dà lọ rán agbòjò tí àwọn ọmọ ogun fi ń bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù, nítorí náà báńdéèjì ilé ìwòsàn ni àwọn oníjó ń ya láti fi so bàtà wọn. Báńdéèjì kì í gba kókó dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ijó náà fún ará ìlú, ó tú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sáré bọ̀.

"Ìlà iwájú, àwọn ọmọ ogun ló jókòó níbẹ̀," Kanipa ní. "Wọ́n gbé wọn wá láti ilé ìwòsàn. Òmíràn kò lẹ́sẹ̀ kan, òmíràn kò lẹ́sẹ̀ rárá. Ṣé kí n wá ṣubú lulẹ̀ níwájú wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi méjèèjì? Ni mo bá dúró, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki etí báńdéèjì náà bọ bàtà. Bàbá tó ń ta fayolíìnì rí mi. Ó fa ohùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gùn títí mo fi dìde."

Kanipa ní bí òun ṣe gbójú sókè lórí ìtàgé, òun rí i pé àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn ti ṣí ọwọ́. Matvei Ilyich bínú débi pé kò dá a lóhùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì náà, Kanipa jó o bí ó ṣe tò ó, kò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ń jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó bá obìnrin kan tó dúró nínú yìnyín, tó ti ìlú Kaskelen wá.

"Ó ní, 'Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ń gé okùn ẹsẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin wà lójú ogun, mo wá ṣe àmín sí i fún wọn. Kí ló dé tí o kò gé e?' Rauza, kí lo fẹ́ kí n sọ fún un? Kí n ní báńdéèjì ni? Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀. Mo sì ń bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Matvei Ilyich máa ń sọ fún mi pé, 'Kanipa, èmi kọ́ ni mo dá ìyẹn.' Èmi náà á ní, 'Mo mọ̀, sà.' Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí tó fi wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé."

Ọkàn Rauza wó. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun láti ọjọ́ yìí wá.

"O kò bi mí. O wá bá mi pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́nu. Mo sì wò ó pé o ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa."

Rauza jókòó sójú kan, ó ń yí abọ́ náà ká lọ́wọ́. Tó bá dé ilé ijó tó ní Matvei Ilyich ló fi kún un, kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Kanipa kò ní ta kò ó, àwọn òkú kò sì ní sọ̀rọ̀. Àmọ́ okùn tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n lọ́ dúdú mọ́ funfun sí i kí ọmọ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni. Báwo ni ẹni tó gbé irọ́ dání ṣe máa gé e? Ó gbójú sókè láti bi Kanipa ohun tó yẹ kí òun ṣe. Kanipa ti gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti bu tíì kún un dé ẹnu. Ẹni tí wọ́n bá bu tíì kún abọ́ fún ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ó sọ ti báńdéèjì, ó sọ ti ibínú Matvei Ilyich, ó sì sọ pé òun ti fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kọ́ wọn. Àwọn Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Rauza ti lé ní ogún ọdún, síbẹ̀ ó bá a. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Medet kò yọ̀ ọ́, ó kàn ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ó sì yíjú sí olùdarí orin pé kó yọ ohùn gígùn yẹn kúrò.

"Yọ ọ́," Rauza ní. "Kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti Matvei Ilyich pàápàá. Àwọn tó ni ín á bi ọ́ léèrè."

Medet rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé àgbà kàn ń fi ọ̀rọ̀ bo ojú ara rẹ̀ ni.

Inkar ló bá Rauza dé ibi tó ti ń pààrọ̀ bàtà. Kò jókòó. Ó bi í pé ta ló wá máa gé okùn ẹsẹ̀ òun lọ́jọ́ àjọ̀dún.

"Medet ló ni ijó tí o fẹ́ jó," Rauza dá a lóhùn. "Òun ni kó gé e."

"Ẹ̀gbọ́n Medet kò kọ́ mi. Ẹsẹ̀ yín ló wà lára mi."

"Ẹsẹ̀ tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tìrẹ máa kọjá. Mi ò lè gé okùn fún ẹni tí kò ní rìn bí mo ṣe rìn, ọmọ mi. Irọ́ kejì nìyẹn á jẹ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́ tán ni."

Omi ti lé ròrò sójú Inkar, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú. "Màmá, irọ́ tí ẹ̀yin pa, ẹ ti jẹ́wọ́ rẹ̀, ó ti tán lọ́rùn yín. Èmi tí mi ò pa nǹkan kan ni ẹ wá fẹ́ kó máa lọ láìgé."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Rauza wọra, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pè é padà. Obìnrin tó ti fi ogójì ọdún sọ pé ibi tí a bá pè lórí a kì í fi tẹlẹ̀ kò lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nítorí pé ó ta á lára.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àwọn àlejò Petersburg wà ní àárín gbùngbùn pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn, àwọn ìyá àgbà Almaty sì wà káàkiri pẹ̀lú gèlè funfun, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ijó yìí dù wọ́n. Ọmọ-ọmọ Kanipa tì í wá lórí kẹ̀kẹ́ sí ìlà iwájú, níbi tí àwọn ọmọ ogun yẹn ti jókòó rí. Rauza dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé níbi tó máa ń dúró sí, báàgì rẹ̀ lápá, sálúbàtà onírun-àgùntàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Medet wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gé okùn ẹsẹ̀ Inkar kó tó jáde.

Inkar jó. Mo fẹ́ sọ èyí kí ó yé ẹ: ó jó débi tí Rauza gbàgbé ìjà. Apá Kanipa ló gbé sókè, ọrùn Kanipa ló nà, ṣùgbọ́n ìkánjú ẹsẹ̀ yẹn, tirẹ̀ ni, ti ọmọ inú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó ku òun nìkan, tó ń sáré bọ̀, gbogbo ọwọ́ inú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Láti ìlà iwájú dé òkè pátápátá, àwọn ìyá náà ṣí àtẹ́lẹwọ́, àwọn ọmọ wọn tó bá wọn wá náà ṣí tiwọn.

Fayolíìnì kò dúró. Inkar kọjá, ó fò, ijó parí. Ìlù ìkẹyìn dún, olùdarí orin sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ nínú àwọn ará ìlú. Wọn kò bínú, wọn kò hó. Ọwọ́ wọn ló ṣì ṣí. Àwọn àlejò ní tiwọn ti pàtẹ́wọ́ díẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn nìkan ni, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

"Kí ni wọ́n ń dúró dè?" Medet béèrè lábẹ́lẹ̀.

"Ohun tó jẹ́ tiwọn ni," Rauza ní.

Inkar dúró láàárín ìtàgé, kò tẹrí ba fún gbọ̀ngàn. Ó wo àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn títí. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Rauza wà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bíbẹ̀rẹ̀ tí Rauza kọ́ ọ. Ó jókòó lórí gìgísẹ̀ bí ọmọdé ilé, ó tú ríbọ́ọ̀nù bàtà ọ̀tún, ó fi yí ọrùn ẹsẹ̀ òsì po, ó ta á ní kókó, ó tún fà á kí ó le. Ó wá dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì ní sísopọ̀. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo olùkọ́ rẹ̀.

Rauza ti ki ọwọ́ bọ báàgì kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó rí Medet ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Medet ń wo àwọn ọwọ́ inú gbọ̀ngàn, ó sì yẹra lọ́nà fún un.

Ó jáde tòun ti sálúbàtà onírun-àgùntàn. Ìtàgé náà gùn lójú rẹ̀ ju bó ṣe máa ń gùn lọ, ó sì gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń dún, ó dá a lójú pé gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ ọ. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, orúnkún kan lẹ́yìn èkejì, òun tí kò kúnlẹ̀ fún ọ̀gá kankan rí. Ó mú àlùmọ́gàjí Kanipa. Ríbọ́ọ̀nù ìsinsìnyí le, kì í ṣe báńdéèjì, ó ní láti gé e lẹ́ẹ̀mejì kó tó já.

"Ó ti já," ó sọ sókè sí i. "Máa rìn."

"Àmín," ni gbogbo gbọ̀ngàn wí, ohùn wọn kò le, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. Bàbá arúgbó kan nínú àwọn àlejò ti ṣí ọwọ́ láì mọ ohun tó ń ṣí i fún, òun náà sì nu ojú, ó nù ún sókè dípò ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ni àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì tán bọ̀rọ̀.

Inkar rìn ní ìṣísẹ̀ mélòó kan bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé okùn rẹ̀ ṣe máa ń rìn, bàtà ọ̀tún ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé Rauza ṣì wà nílẹ̀. Orúnkún ti kọ̀. Ó padà wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó fà á dìde, wọ́n sì jọ dúró níbẹ̀. Rauza sunkún lójú gbogbo ayé, kò sì wá ibi tó máa fi ojú sá sí.

Kí àtẹ́wọ́ náà tó dákẹ́, Medet ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá olùdarí orin. Ó ní kí ohùn gígùn yẹn padà sí àyè rẹ̀ láti ọjọ́ kejì lọ. Ó wá bá Rauza lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní àwọn tó ni ín ti bi òun léèrè, òun sì fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Rauza ní kó fi orúnkún rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣì máa wúlò fún un.

Láti ìgbà náà, tí Rauza bá bi àwọn ọmọ pé ta ló fún wa ní bíbẹ̀rẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n ń dáhùn ni pé báńdéèjì ló tú, obìnrin Kaskelen kan ló sì ní kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, nígbà tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Kanipa wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tí gbogbo oníjó ń wọ́ tọ̀ ọ́ láti gba ìwúre, Rauza ni ó kọ́kọ́ pè. Rauza tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ ṣì tutù, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ńlá. Ìyá àgbà náà wò ó láti orí dé sálúbàtà.

"Rauza," ó ní, "o bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ."